Dọ́blìn Tí Mo Sọ Fún Esmat

Ilé wa ní Hinterried,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí mo fún wàrà àárọ̀ tán.

Burkard ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé ọmọ ń lọ síléèwé dáadáa, ṣé ẹ̀fọ́rí tó máa ń ṣe ọ́ nígbàkigbà tí afẹ́fẹ́ orí òkè bá ń fẹ́ sí Múníìkì ti dẹwọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ màlúù nínú pápá yóò máa ṣọ́ ọ nínú ilé alájà mẹ́sàn-án tí o ń gbé yẹn. Ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè kò ní já. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò sì ní rí ọ fín. Tí o bá ti ka ibí yìí, ṣe àmín kí o tó ka ìyókù, torí ìyókù le.

Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá pè ọ́, wàá ní Màmá, mo wà nínú ìpàdé, ọ̀rọ̀ mi a sì kú sí mi lẹ́nu. Ìwé yìí á dúró dè ọ́ títí ìpàdé á fi tú.

Ilé wà bó ṣe wà. Orúnkún mi òsì ń dùn mí, ti ọ̀tún náà ti ń bá a kẹ́gbẹ́. Liesl, màlúù tí ìwo rẹ̀ kan ṣẹ́, bí abo lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi nìkan ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. Igi púlọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé so débi pé ẹ̀ka kan ya lulẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi jẹ ẹ́. Báńkì ti kó kúrò lábúlé pátápátá, mọ́tò gbọọrọ kan ni báńkì wa báyìí, ó máa ń wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ fún wákàtí kan, á sì gbéra. Mo bi ọmọkùnrin inú rẹ̀ pé tí mọ́tò báńkì bá takú sójú títì, ṣé owó mi náà takú nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, mo sì gba owó mi kúrò nínú mọ́tò náà. Èèyàn kì í fi owó pamọ́ sínú ohun tó ní táyà.

Ó dáa. Mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ náà. Esmat kò sí nílé mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ, èmi ni mo sì fa sábàbí rẹ̀, èmi ìyá rẹ, pẹ̀lú ẹnu mi yìí.

O mọ bó ṣe dé. Oṣù Kẹta ni, yìnyín ṣì wà lórí òrùlé. Ìjọba ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan wá yàrá fún àwọn tó sá àsálà wá, a sì ṣèpàdé lórí ẹ̀ nílé ọtí. Ottmar aládùúgbò wa, tó ní ẹ̀rọ ìkórè, dìde, ó lu tábìlì, ó ní abúlé ti kún. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Igba èèyàn ó lé mọ́kànlá ló kù ní Hinterried, ilé mẹ́rìnlá ló wà tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú wọn, iléèwé ti tilẹ̀kùn. Mo bi í pé kí ló kún. Ó ní mi ò lóye òṣèlú. Òótọ́ ni, mi ò lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó kún yàtọ̀ sí ohun tó ṣófo. Mo nawọ́ sókè, mo ní kí wọ́n mú ẹnì kan wá sí yàrá rẹ, èyí tí o ti fi sílẹ̀ lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ìwọ náà bínú sí mi lórí fóònù. O ní mi ò mọ ẹni tí mò ń gbà sílé, pé ìwé irú wọn ni ẹ̀ ń fi òǹtẹ̀ lù ní ọ́fíìsì yín láti àárọ̀ dalẹ́, pé gbogbo wọn kọ́ ló ń sọ òótọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣáà mọ eléyìí.

Ọmọ Afghanístánì ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fọ aṣọ fún àwọn sójà tiwa nígbà tí wọ́n wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí sójà wa kó padà wálé, àwọn tó gbàjọba pa ẹ̀gbọ́n náà, ni Esmat fi bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ nìkan ló mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Liesl mí sí i lójú, ó sá wọ inú ilé, ó sì bi mí bóyá ẹran yẹn ń jẹ èèyàn. Kò pé oṣù kan, òun ló ń fún wàrà mọ́ mi lọ́wọ́. Fadá ti kìlọ̀ fún mi kí n má pè é ní iṣẹ́ nínú ìwé kankan o, torí òfin kò tíì gbà á láàyè, nítorí náà kì í ṣiṣẹ́, ó kàn máa ń wà nítòsí màlúù láago márùn-ún àárọ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ó máa ń fi karọ́ọ̀tì àti èso àjàrà gbígbẹ se ìrẹsì ẹran. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣèèṣì fi ohun àkàrà sínú ẹran ni, ojú sì ń tì mí láti sọ fún un. Màmá ló ń pè mí. Ìwọ máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà Kérésìmesì.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé yìí, Bùlùgéríà sì ni. Ibẹ̀ ló gbà wọ Yúróòpù. Nínú igbó ààlà, ajá àwọn kan gé e jẹ ní ojúgun, àpá ibẹ̀ tó àtàǹpàkò mi. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n tẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nǹkan kan, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Tí ajá Ottmar bá gbó, Esmat á dúró gan-an síbi tó wà títí mo fi máa fọwọ́ kàn án léjìká.

Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì ni lẹ́tà rẹ̀ dé nínú àpò ìwé aláwọ̀ ìyeyè. Tísà Hiltrud ló máa ń wá ka ìwé fún un ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n wọ́n ń pààrọ̀ egungun ìdí fún un ní ọsibítù nígbà yẹn. Esmat gbé lẹ́tà náà fún mi. Ojú ewé mọ́kànlá. Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Jámánì tí wọ́n fi tọ́ mi. Ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, pé wọ́n máa gbé e lọ, àti Dọ́blìn. Dọ́blìn lójú ewé kìíní, Dọ́blìn lójú ewé kejì. Mo rí Bùlùgéríà náà o, n kò ní parọ́. Mo ní wọ́n kàn ń ka ibi tó gbà kọjá ni. Mo mú bírò, mo kà wọ́n bí ẹni ń ka ìbò: Dọ́blìn mẹ́rìndínlógún, Bùlùgéríà mẹ́rin. Mo ní Dọ́blìn ló wọlé.

Ṣùgbọ́n èmi kì í dá ara mi lójú jù, nítorí náà mo pè ọ́. Rántí, ọjọ́ Ọjọ́rú ni, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo ní ìwé Esmat dé, Dọ́blìn ni wọ́n kọ síbẹ̀. O ní háà, Dọ́blìn ni? Mo ní Dọ́blìn ni. O ní tó bá jẹ́ Dọ́blìn, ẹnikẹ́ni kò lè ṣe nǹkan kan sí i, kó di ẹrù rẹ̀, kó má sá, kó má bá wọn fa wàhálà. Mo bi ọ́ pé ṣé ibẹ̀ dáa. O ní Màmá, Yúróòpù náà ni, kò burú. Ìpàdé sì pè ọ́.

Inú mi dùn, Burkard. Mo gbé ìwé àwòrán ayé tí o fi ṣe iléèwé jáde, mo fi ìka han Esmat: Dọ́blìn rèé, ní Áílándì, lójú òkun. Mo ní ewéko ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, màlúù ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ, onímọ̀ wàrà bíi tìrẹ kò ní jìyà níbẹ̀. Mo ní wò ó, Ẹni Mímọ́ Kilian tí ère rẹ̀ wà lókè pẹpẹ wa, tí a máa ń gbé káàkiri lóṣù Keje, Áílándì ló ti wá. Òun náà rìn dé ọ̀dọ̀ wa láìní ìwé kankan, àwa la pa á, àwa náà la wá ń ṣọdún rẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn rẹ̀ kò lè jẹ́ èèyàn burúkú.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá bi mí pé Màmá, ṣé kì í ṣe Bùlùgéríà. Mo ní kì í ṣe Bùlùgéríà. Ó tún bi mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó bi mí, mo mú rosárì mi, mo gbé ọwọ́ lé e, mo búra fún un. Ọmọ náà dorí kodò sórí tábìlì ìdáná, ó sunkún bí ẹni tí ẹrù já lórí ẹ̀. Mo sunkún tèmi náà, mo sì ṣe àkàrà púlọ́ọ̀mù.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, fadá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé abúlé márùn-ún ló ń bójú tó báyìí, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ kan mọ́tò. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé ọmọkùnrin ọ̀dọ̀ mi lọ, pé yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ ṣófo, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ àṣà yẹn: ẹni tó bá ń sùn lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ọlọ́pàá kì í wọlé mú un, tó bá sì ti fi oṣù mélòó kan gbé ibẹ̀, ọjọ́ ìwé tí wọ́n fi ń wá a á kọjá, ilẹ̀ wa níbí ló sì máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Fadá na ìyẹn sí mi, ọmọ mi. Mo ní ẹ ṣeun fadá, kò pọn dandan, ibi tí wọ́n ń mú un lọ dáa, inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó kó sí mọ́tò, ó lọ ṣe Máàsì kejì. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ẹlòmíì ló ń jìyà rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n wá, a ṣì wà lẹ́nu wàrà. Ọlọ́pàá mẹ́rin. Esmat ti di ẹrù láti ọjọ́ pípẹ́, ó fọ ọwọ́, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ káàárọ̀. Wọ́n ti mú ohun tí wọ́n fi ń de èèyàn wá, ojú tì wọ́n, wọ́n dá a padà sápò. Mo bu àkàrà fún wọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí kí ló dé tí inú ẹ̀ dùn tó báyìí. Mo ní ṣé o ò mọ̀ ni, Dọ́blìn ni wọ́n ń mú un lọ. Ó wo ẹnì kejì rẹ̀. Ẹnì kejì wo ilẹ̀. Wọ́n mú Esmat wọ mọ́tò, Burkard, àkàrà mi sì wà lọ́wọ́ wọn. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí ojú ọmọ ọlọ́pàá yẹn.

Ottmar dúró lẹ́nu géètì ẹ̀ títí mọ́tò wọn fi lọ. Ó wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣí fìlà, ó ní ó dun òun, pé kì í ṣe Esmat lòun ní lọ́kàn nígbà tóun sọ̀rọ̀ nípàdé, àwọn yòókù lòun ń bá wí. Mo ní Ottmar, àwọn yòókù wo? Ẹnì kan ṣoṣo la ní. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà ó máa ń wá bá mi gbé garawa.

Ọjọ́ kẹrin ni fóònù dún. Esmat ni. Ó ní Màmá, wọ́n já wa sílẹ̀ ní Bùlùgéríà, wọ́n tì wá mọ́ ọgbà kan, ìgbà wo ni ọkọ̀ òfurufú Áílándì máa dé? Mo ní ọkọ̀ máa ń dúró lọ́nà, kó ní sùúrù. Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyẹn. Ọ̀túnla ẹ̀ ni Tísà Hiltrud dé láti ọsibítù àti ilé tí wọ́n ti tún kọ́ ọ rìn, pẹ̀lú ọ̀pá méjì, mo fi lẹ́tà hàn án. Ó kà á dé ìdajì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní Kunigund, Dọ́blìn kì í ṣe ibi tí wọ́n ń mú un lọ. Ó ní orúkọ òfin kan ni, pé ìlú náà ni àwọn ìjọba ti kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé rẹ̀, òfin náà sì sọ pé ilẹ̀ tó bá kọ́kọ́ gba ìka ọwọ́ àlejò ló máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n bá kọ Dọ́blìn fún, wọ́n lè gbé e lọ sí ibikíbi. Mo lọ jókòó sáàárín àwọn màlúù. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń fi orúkọ ìlú tó dáa sọ irú nǹkan báyìí?

Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà. Obìnrin kan gbé e, mo kí i, kò jẹ́ mi lóhùn, ó ní kí n tẹ ení. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán o, ó wá ní kí n tẹ èjì. Mo ní ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ò ní ìyá ni? Orin ló fi dá mi lóhùn. Mo gba fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù bi mí kí ni mo jẹ́ sí i, ìyá ni, ìyàwó ni, àbí agbẹjọ́rò. Mi ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé èmi ni ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ lé e lọ. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní mo kọ nǹkan síbi tí kò yẹ. Bá mi bi ọ̀gá rẹ léèrè ohun kan: tó bá jẹ́ ìka ọwọ́ ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé, ṣé awọ ìka tí wọ́n gbà ní Bùlùgéríà ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ tó fi oṣù márùn-ún fún wàrà, awọ rẹ̀ ti bó, òmíràn ti hù, ọ̀dọ̀ mi níbí ló sì ti hù. Kí wọ́n tún un gbà.

Mo wá dé ibi tó le jù. Gbogbo ọjọ́ Sunday, láago mẹ́ta, ni Esmat ń pè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti mọ òótọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ẹnu mi kọ̀ láti sọ ọ́. Tísà Hiltrud ti bá wa rí agbẹjọ́rò obìnrin kan níbẹ̀, tó ní òun lè gbà á, ṣùgbọ́n Esmat gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé kí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á dá a padà sí Afghanístánì, sọ́wọ́ àwọn tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà ti gbé ìwé lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì. Esmat kò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ẹjọ́ Bùlùgéríà ṣe, Áílándì lòun ń lọ, tóun bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ wọ́n á ní òun ti gbà láti dúró. Hiltrud bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò gbà á gbọ́. Ó ní Màmá ti búra fún òun. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà nílé, ọwọ́ mi gan-an ló wọ́ ọ.

Burkard, mi ò bá ọ jà. Èmi sọ Dọ́blìn, mo ń rí màlúù, ìwọ sọ Dọ́blìn, o ń rí fáìlì, kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè ohun tó ń rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o wálé lọ́jọ́ Sunday yìí. Má sọ ìpàdé fún mi. Bá mi mú ẹgbẹ̀ta yúrò dání, ti agbẹjọ́rò ni, èyí tí mo gbà nínú mọ́tò báńkì kò tó. Tí fóònù bá dún láago mẹ́ta, èmi ni màá gbé e, mi ò ní kí o bá mi sọ ọ́. Màá sọ fún un pé kò sí Áílándì, kò sì sí i rí, pé irọ́ ni mo búra, kó tọwọ́ bọ̀wé náà lónìí. Ó lè má pè mí ní Màmá mọ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ìwọ ṣáà jókòó tì mí. Tó bá bèèrè ta ló sọ fún mi pé Dọ́blìn dáa, mi ò ní dárúkọ rẹ, àfi tí ìwọ fúnra rẹ bá na ọwọ́ gba fóònù.

Ọlọ́run á mú ọ wálé láyọ̀. Títì kò ní gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Níbikíbi tí ìwọ àti ọmọ rẹ bá dé láyé, ẹ kò ní rí ẹni tó máa ka yín bí ìbò. Ẹni tó fẹ́ràn yín kò ní ṣi ìwé yín kà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kunigund.